Àwọn adìẹ tuntun mi ò fẹ́ wọlé sùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọParakin
Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Adìẹ márùn-ún ni mo rà ní Sátidé, kì í ṣe fún ọbẹ̀ o, àwọn ọmọ ló ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé àwọn fẹ́ adìẹ táwọn á máa sìn, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n máa rí ẹyin jẹ. Mẹ́ta jẹ́ pupa, irú àwọn tí wọ́n ń sìn fún ẹyin nínú kéèjì yẹn, ẹni tó tà wọ́n fún mi ní wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 18. Méjì jẹ́ ìbílẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aṣa, gbogbo ìyẹ́ ara ẹ̀ ló yí sókè bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ látẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti sọ gbogbo wọn lórúkọ, aṣa yẹn ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà.

Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ló kan ilé wọn, páànù lórí, wáyà nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló dúró lé. Bí mo ṣe gbé wọn dé láago kan ọ̀sán ni mo tú wọn sílẹ̀ nínú ọgbà, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rìn kí wọ́n mọlé. Háà. Nígbà tílẹ̀ ń ṣú, kò sí ìkankan nínú wọn tó wo ọ̀nà ilé yẹn. Dúdú ti wà lókè máńgòrò, pupa kan wà lórí fẹ́ǹsì, méjì ká jọ sábẹ́ táǹkì omi, Ìyá Àgbà la ò rí títí di aago mẹ́jọ, àṣé abẹ́ ọkọ̀ aládùúgbò wa ló wà. Òní ló di ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lálaalẹ́, èmi àtàwọn ọmọ á máa fi tọ́ọ̀ṣì lé wọn kiri. Wọn ò jẹun bó ṣe yẹ, ẹyin ò sí, àwọn pupa tún ń ṣá Ìyá Àgbà lórí, ibẹ̀ ti ń bó. Ọmọ mi obìnrin ń sunkún pé wọn ò fẹ́ràn wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa?

ÌyáẸlẹ́yinSábó
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Sọ fún ọmọ ẹ kó má sunkún mọ́, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn yín, adìẹ tó bá dé ibi tuntun ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Ohun kan lo ṣe tí ò dáa, o tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó sùn síbẹ̀. Adìẹ ò mọ ilé tí wọ́n fi hàn án lọ́sàn-án, ibi tó bá sùn tó jí, tó sùn tó jí, ìyẹn ló mọ̀ nílé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlódè, ìyá mi kì í tú adìẹ tuntun sílẹ̀ láéláé. Àkísà ló máa fi so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó lẹ́yìn ilé ìdáná, kì í lo okùn torí okùn máa ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀, á gbé omi àti àgbàdo síbi tẹ́nu ẹ̀ máa tó, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ á kọ́kọ́ fi ṣíbí kan igbá, kò, kò, kò, ó di ọjọ́ keje kó tó tú u. Adìẹ yẹn lè jẹ̀ lọ dé etí odò, bó bá ti gbọ́ igbá yẹn eré ló máa sá wálé. Ìwọ ti kọ́lé fún wọn, o ò nílò àkísà. Tì wọ́n mọ́lé fún ọjọ́ 7 gbáko, oúnjẹ níbẹ̀, omi níbẹ̀. Lálẹ́ òní, jẹ́ kílẹ̀ ṣú dáadáa ná, adìẹ ò ríran lókùnkùn, má lé wọn, má tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, fọwọ́ méjèèjì pa apá wọn mọ́ ara kí o rọra gbé wọn, má fi ẹsẹ̀ gbé wọn kọ́ o. Kó wọn sínú ẹ̀ kí o tilẹ̀kùn.

ỌmọParakin
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti kó mẹ́rin wọlé báyìí, wọn ò tiẹ̀ pariwo! Dúdú ló ga jù, bàbá àwọn ọmọ ń wá àkàbà.

AgbẹMọ̀dákẹ́kẹ́
Màmá ti sọ èyí tó ṣe kókó. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, ìyá àwọn ọmọ. Ẹ dárúkọ páànù, ẹ dárúkọ wáyà, ẹ ò dárúkọ igi tí wọ́n á bà lé. Ṣé igi wà nínú ẹ̀?

ỌmọParakin
Kò sí o. Pákó pẹlẹbẹ ni ilẹ̀ ẹ̀, mo da sọ́dọ́ọ̀sì sí i.

AgbẹMọ̀dákẹ́kẹ́
Ohun tó gbé dúdú lọ sókè máńgòrò nìyẹn. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ibi tó ga tẹ́sẹ̀ ẹ̀ máa lè dì mú ni adìẹ ń wá, ẹ̀rù ń bà á pé nǹkan á gbé òun lóru, àwọn ìbílẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà padà wá. Igi tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ ti tó fún adìẹ márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fá igun ẹ̀ kó má mú, kó sì kàn án pa kó má mì rárá, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí adìẹ bá bà lókùn, ara ò rọ okùn ara ò rọ adìẹ, igi tó bá ti mì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wọn ò ní fẹ́ gùn ún mọ́. Kó ga tó orúnkún yín tàbí kó lé díẹ̀, kó má ga jù bẹ́ẹ̀, àwọn pupa yẹn wúwo, ẹsẹ̀ máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń fò wálẹ̀ láti òkè.

Ìtẹ́ tí wọ́n á máa yé sí, ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ ju igi yẹn lọ. Tí ìtẹ́ bá ga ju igi, inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, wọ́n á yàgbẹ́ kún un, ẹyin á máa dọ̀tí. Ìtẹ́ kan tó adìẹ mẹ́rin sí márùn-ún. Garawa ọ̀dà tó ti tán, ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní, ẹ dà á dùbúlẹ̀, ẹ to koríko gbígbẹ sí i, ẹ fi àpò ìrẹsì bò ó lójú díẹ̀ kí inú ẹ̀ ṣókùnkùn, kò sí ìtẹ́ tó dáa jùyẹn lọ, ibi tó pamọ́ ladìẹ fẹ́.

Páànù yẹn náà ń kọ mí lóminú nísinsìnyí tẹ́ ẹ ti fẹ́ tì wọ́n mọ́bẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ gé imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá rí adìẹ tó yanu tó ń mí gúlegúle tó sì ṣí apá kúrò lára, ooru ló mú un, omi tútù àti ibòòji ló ń fẹ́, ẹ má sáré lọ ra òògùn. Ilé yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe tóbi tó? Ó yẹ kí adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, méjì ní fífẹ̀.

ỌmọParakin
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin ni.

AgbẹMọ̀dákẹ́kẹ́
Ó tó wọn, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ má fi ẹ̀keje kún un ni.

Onímọ̀Ẹran
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ku ohun kan tẹ́nì kankan ò tíì béèrè: ṣé adìẹ míì wà nítòsí yín, kí sì lẹni tó tà wọ́n sọ nípa àjẹsára?

ỌmọParakin
Aládùúgbò wa ní bíi mẹ́fà, wọ́n máa ń gba ihò fẹ́ǹsì wọ ọ̀dọ̀ wa. Ti àwọn pupa, ẹni tó tà wọ́n ní wọ́n ti gba gbogbo ẹ̀. Àwọn ìbílẹ̀, ọjà ni mo ti rà wọ́n, n ò béèrè.

ỌmọÌjẹ̀ṣà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn. Iléṣà ni mo wà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo ní adìẹ 14, mo wá lọ ra àkùkọ kan lọ́jà nígbà tí Kérésì ń bọ̀, ó lẹ́wà, ìrù ẹ̀ ń dán, mo kàn jù ú sáàárín wọn ni. Ọjọ́ kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tèmi ti ń yàgbẹ́ tó láwọ̀ ewé, apá wọn já wálẹ̀, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọrùn ẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń yí po lójú kan, mo máa di orí ẹ̀ mú kí n lè kán omi sí i lẹ́nu, bí mo bá ti fi í sílẹ̀ ọrùn yẹn á tún lọ́ padà. Lúkúlúkú ni, àìsàn tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e wọlé, ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Onímọ̀Ẹran
Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń wọlé gan-an nìyẹn. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín 1952 sí 1953, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, tó bá ti wọlé kò sóògùn tó ń wò ó, àjẹsára nìkan ló ń dáàbò bo adìẹ, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń jà jù.

Ìyá àwọn ọmọ, àwọn márààrún ti wà pa pọ̀ látọjọ́ kìíní, kò wúlò kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yà wọ́n nítorí àìsàn, ẹ ka gbogbo wọn sí àlejò kan náà. Ẹ dí ihò fẹ́ǹsì yẹn lónìí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí tiyín àti ti aládùúgbò má jọ jẹun, kí wọ́n má jọ mu omi, bàtà tẹ́ ẹ bá wọ̀ lọ sọ́dọ̀ adìẹ tiwọn ẹ má wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ tiyín. Ẹ máa wo ìgbẹ́ wọn láàárọ̀. Tó bá láwọ̀ ewé, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ pe dọ́kítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kọ̀kísì, àìsàn inú ìfun adìẹ, òògùn wà fún ìyẹn, sọ́dọ́ọ̀sì tó bá tutù ló sì máa ń fún un láàyè, ẹ máa kó èyí tó bá rin lábẹ́ abọ́ omi kúrò kíákíá.

Àjẹsára lúkúlúkú yẹn, ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Ara wọn ò tíì balẹ̀, adìẹ tára ẹ̀ dá ṣáṣá la ń fún. Tí wọ́n bá ti ń jẹun dáadáa, èyí tí à ń pè ní LaSota, inú omi la ń pò ó sí. Ẹ gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì láàárọ̀ kí òǹgbẹ lè gbẹ wọ́n, omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, omi tí wọ́n ti da kúlórínì sí máa pa agbára ẹ̀, ẹ bu mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀ sí i, kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Inú yìnyín ni kí ìgò ẹ̀ wà látìgbà tẹ́ ẹ bá ti rà á títí dé ilé, èyí tí wọ́n bá gbé sínú oòrùn omi lásán ló ti dà. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom lápá Jos, tó ti wà látọdún 1924, ní èyí tí wọ́n ń ṣe fún adìẹ ìbílẹ̀, I-2 lorúkọ ẹ̀, a máa ń kán an sí wọn lójú, ó rí ara gba ooru díẹ̀ ju LaSota lọ, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ dọ́kítà tó bá wá. Ìgò kan máa ń tó adìẹ tó pọ̀ ju márùn-ún lọ fíìfíì, ẹ bá aládùúgbò yẹn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ dá owó ẹ̀ pọ̀, kí tiwọn náà gbà lọ́jọ́ kan náà. Àbò tiyín wà nínú tiwọn.

Ní báyìí ná, gúlúkóòsì díẹ̀ tàbí fítámì adìẹ nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta ti tó.

TíṣàÌrémọ
Àǹtí, orí Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti jáde?

ỌmọParakin
Ó jáde díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹnì kan ní kí n fi epo pupa pa á.

TíṣàÌrémọ
Ẹ má fi epo pupa o, ohun pupa ni wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń ṣá a sí i. GV ni kẹ́ ẹ fi kun ún, òògùn aláwọ̀ àlùkò yẹn, ó ń wo egbò ó sì ń bo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìjà yẹn fúnra ẹ̀, àgbà ni wọ́n ń dù, adìẹ kì í gbé pọ̀ láìmọ ẹni tó ṣáájú ẹni, tí wọ́n bá ṣára wọn lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀kan tẹrí ba tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ má dá sí i, ó máa ń tán tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ dá sí i. Ẹ gé wáyà nẹ́ẹ̀tì kan dí igun ilé yẹn, kí Ìyá Àgbà wà nínú tiẹ̀ pẹ̀lú dúdú, kí wọ́n máa rí àwọn pupa kí àwọn pupa máa rí wọn, ṣùgbọ́n kẹ́nu má tó ara. Ẹ máà mú òun nìkan lọ sí yàrá míì rárá, tó bá fi máa padà wọn ò ní dá a mọ̀ mọ́, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún ẹ yọ wáyà yẹn lóru tí wọ́n bá ti sùn.

Abọ́ oúnjẹ méjì, abọ́ omi méjì, kó jìnnà síra, kí pupa kan má lè dúró ti gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá di tẹ̀tẹ̀ bí ìdì kan, ẹ so ó rọ̀ sókè láti òrùlé kó ga díẹ̀ ju orí wọn lọ. Èmi ṣe é fún tèmi, ọ̀sán gbogbo ni wọ́n fi ń fò jáwé yẹn, ìdì yẹn á máa yí, ọ̀kan á já tiẹ̀ sá lọ sígun, èyí tó kù á tẹ̀ lé e, wọn ò ráyè ẹni tí wọ́n á ṣá mọ́. Adìẹ tí wọ́n tì mọ́lé tí ò ríṣẹ́ ṣe ló ń wá ìjà.

Àwọn ọmọ náà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má máa gbá wọn mú lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n gbé àpótí, kí wọ́n jókòó sẹ́bàá wáyà, kí àgbàdo díẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dákẹ́. Adìẹ á wá fúnra ẹ̀. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ṣá.

ỌmọÌjẹ̀ṣà
Ẹ má gbàgbé ìjàlọ o, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Adìẹ tí wọ́n tì mọ́lé ò níbi tó máa sá sí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ilé yẹn, ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo, ẹ da ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù sí i díẹ̀, kòkòrò kankan ò ní lè gùn ún. Kí ewéko kankan má fara kan ara ilé náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà gòkè. Kí ẹ sì fọwọ́ ti wáyà yẹn wò, èyí tó bá rọ̀ ológbò á fà á ya, ihò tí ìka méjì bá lè wọ̀ ejò á wọ̀ ọ́.

ỌmọParakin
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin Màmá, ti ẹyin ńkọ́? Àbí irọ́ lẹni tó tà wọ́n pa fún mi?

ÌyáẸlẹ́yinSábó
Kò dájú pé irọ́ ni. Adìẹ tó ń yé gan-an, tí wọ́n bá gbé e kúrò níbi tó mọ̀, ó lè dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìjayà ló ń fà á. Àwọn pupa tó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 18, wọn ò tíì ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn ìbílẹ̀ máa pẹ́ jù wọ́n lọ, fi sùúrù sí i. Máa wo ogbe orí wọn, tó bá ń pọ́n sí i, tó jẹ́ pé bí o bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì ṣí apá díẹ̀, kò ní pẹ́ mọ́.

Béèrè oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbi tí wọ́n ti wá, ra díẹ̀ nínú ẹ̀, máa pò ó mọ́ tìẹ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan, má yí i padà lójijì. Tí wọ́n bá ti ń yé, léyà màásì ni, nǹkan bíi gírámù 120 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Àgbàdo nìkan ò lè gbé ẹyin jáde o, ìpápánu ni kó jẹ́. Fọ́ ìkarawun ìgbín wẹ́wẹ́ sínú abọ́ lọ́tọ̀ kí èèpo ẹyin lè le. Bu yanrìn tó ní òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún wọn náà, adìẹ tó ń jẹ òkúta tó ní òun ò léyín, òkúta yẹn gan-an leyín ẹ̀. Fíìdì tó bá ti bu, dà á nù, má wo owó ẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, má fún wọn.

Kí o sì bu eérú tó ti tutù pọ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ sínú báàfù tó ti fọ́, gbé e sígun fún wọn. Wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n sára, ó ń lé yọ̀rọ̀.

ỌmọParakin
Ẹ káàárọ̀ o. Òní ló pé ọjọ́ kẹjọ tí mo tì wọ́n mọ́lé. Igi ti wà níbẹ̀ láti Ọjọ́rú, alẹ́ àkọ́kọ́ dúdú nìkan ló gùn ún, lálẹ́ kejì pupa méjì, alẹ́ àná gbogbo wọn ni. Wáyà igun ti kúrò, orí Ìyá Àgbà ti gbẹ, àwọn pupa ṣì máa ń lé e nídìí oúnjẹ àmọ́ wọn ò ṣá a mọ́. Ṣé kí n tú wọn sílẹ̀?

ÌyáẸlẹ́yinSábó
Tú wọn ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, má ṣe é láàárọ̀. Má fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán púpọ̀. Bu oúnjẹ alẹ́ sínú ilé, ṣílẹ̀kùn, jókòó jìnnà. Ebi àti òkùnkùn ló máa kó wọn wọlé, kì í ṣe ìwọ. Kan igbá rẹ.

ỌmọParakin
Màmá! Mo kan abọ́ yẹn láago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, dúdú ló kọ́kọ́ wo ojú mi, ó wo máńgòrò, ó dúró, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró lóòótọ́, ó wá yí padà ó gun pákó yẹn wọlé. Àwọn pupa tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà rìn yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi fẹ́ dìde mo dì í mú. Ó wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe ń tì wọ́n lórí igi títí wọ́n fi sún fún un láàárín pupa méjì. A ò tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní.

AgbẹMọ̀dákẹ́kẹ́
Ẹ kú oríire! Kó máa jẹ́ ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin sí i, kẹ́ ẹ máa fi wákàtí díẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ tó máa tú wọn láti àárọ̀.

ỌmọParakin
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dọ́kítà ẹran ti wá, tiwa àti ti aládùúgbò ló fún ní àjẹsára, a dá owó ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ọmọ mi sáré wọlé tòun ti bàtà, ó ní òun rí nǹkan nínú garawa ọ̀dà. Ẹyin ni, ó kéré gan-an, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀jẹ̀ tíńtín wà létí ẹ̀. Ṣé ìyẹn burú? Ó fẹ́ kí n sè é kíá.

ÌyáẸlẹ́yinSábó
Kò burú, ẹyin àkọ́kọ́ ni, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àmọ́ bẹ ọmọ yẹn fún mi, ẹ má tíì sè é. Fi èédú sàmì sí i, dá a padà sínú garawa, jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọ̀la kí àwọn tó kù lè rí ibi tí wọ́n ń yé sí.